Hong Kong Lẹ́nu Àwọn Àjèjì Tó Ń Gbé Ibẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, páálí ló máa ń kọ́kọ́ dé sí abẹ́ ilé gogoro báńkì HSBC ní Central. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ á gbé e dé ní kíká, wọ́n á tú u, wọ́n á fi téèpù lẹ ọ̀kan mọ́ èkejì títí yóò fi di ògiri kékeré tó ga tó orúnkún. Wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri náà bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá. Kí ó tó di agogo mẹ́wàá, abẹ́ ilé náà ti kún fọ́fọ́. Ẹnì kan ń kun èékánná fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíì ń bu ìrẹsì sínú abọ́ oníke. Àwọn kan gbé fóònù síwájú, wọ́n ń bá ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ń fi ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn kan ń to ọṣẹ, mílíìkì, bàtà àti aṣọ sínú páálí ńlá tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbé lọ sí Philippines. Wọ́n máa ń ti Chater Road tó wà nítòsí pa fún ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin náà á sì jókòó kún títì láti òpin kan dé èkejì.

Ní wákàtí yẹn gan-an, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lókè irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ṣòkòtò péńpé nídìí, ìgò omi lọ́wọ́, kó máa lọ wọ ọkọ̀ ojú omi sí erékùṣù Lamma láti lọ rìn lórí òkè. Ó lè jẹ́ ará Manchester, ó lè jẹ́ ará Sydney. Obìnrin tó jókòó sórí páálí àti ọkùnrin tó ń kọjá, àjèjì ni àwọn méjèèjì. Wọ́n lè ti lo ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá níbẹ̀. Bí o bá bi wọ́n léèrè bí Hong Kong ṣe rí, èsì wọn kò ní jọra, ọkùnrin yẹn ló sì ṣeé ṣe kó ráhùn jù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí lọ́kàn pẹ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní Hong Kong, ojú àlejò ń ríran dáadáa. Ibi tí ìlú fi í jókòó sí ló ń yan ohun tó ń rí fún un. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti kà àti èyí tí mo ti gbọ́, mo gbà pé ìwé tí ìjọba fi gba àjèjì wọlé ló ń ṣe ìdájọ́ lé bí yóò ṣe gbé níbẹ̀, ju àwọ̀ rẹ̀ lọ, ju èdè rẹ̀ lọ, ju owó oṣù rẹ̀ pàápàá lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye àwọn tí à ń sọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí ẹ̀yà wọn kì í ṣe Ṣáínà tó nǹkan bí 620,000, ìyẹn ìdá 8.4 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àwọn tó ń gbé ìlú náà. Àwọn ará Philippines lé ní 200,000. Àwọn ará Indonéṣíà lé ní 140,000. Àwọn tí orírun wọn jẹ́ Íńdíà, Pakistan, Nepal àti àyíká wọn tó nǹkan bí 100,000. Òyìnbó lé díẹ̀ ní 60,000. Síbẹ̀, àwọn 60,000 yìí ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ayé ń kà nípa bí àjèjì ṣe ń gbé Hong Kong. Wọ́n ní àkókò, wọ́n ní tábìlì tí wọ́n lè jókòó tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè abínibí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Obìnrin tó ń jí ní agogo márùn-ún àárọ̀ kó lè múra ọmọ ọlọ́mọ fún ilé ẹ̀kọ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí gbogbo ẹnu kò lé lórí. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1979 kì í fi èrò ṣòfò. Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn ti ń bọ̀. Káàdì Octopus, tó jáde ní 1997, lo fi ń wọ ọkọ̀, òun náà lo fi ń ra búrẹ́dì. Obìnrin lè dá rìn ní agogo méjì òru kí àyà rẹ̀ má já. Ohun tó sì máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ lẹ́nu ni igbó: bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìlú náà ni òfin yà sọ́tọ̀ fún òkè àti igbó, débi pé ẹni tó ń gbé àárín àwọn ilé gogoro lè wọ bọ́ọ̀sì, kó sì wà lórí òkè Dragon's Back kí wákàtí kan tó pé. Ìyìn yìí wọ́pọ̀, òtítọ́ sì ni.

Ìráhùn tó wọ́pọ̀ jù ni àyè. Ìkànìyàn 2021 kan náà fi hàn pé àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú ilé kò ju mítà 16 níbùú lóròó lọ fún ìdajì àwọn èèyàn ìlú. Àwọn tó lé ní 200,000 ń gbé inú fúláàtì tí onílé ti fi páákó gé sí wẹ́wẹ́, tí ààrò àti ilé ìyàgbẹ́ jọ wà ní igun kan ṣoṣo. Òyìnbó tí iléeṣẹ́ ń bá san owó ilé máa ń ṣàròyé pé àpótí aṣọ òun kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àròyé rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé tó há yẹn gan-an ni ọmọ ọ̀dọ̀ ti gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Àwọn kan ní yàrá tí ibùsùn kan gbà tán, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ká ẹsẹ̀ kí wọ́n tó lè ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan ń sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Àwọn kan ń sùn lórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìfọṣọ, nínú ilé ìdáná, tí wọn kò sì lè dùbúlẹ̀ títí gbogbo ará ilé yóò fi parí oúnjẹ alẹ́. Ìwé àdéhùn wọn ní kí ibùgbé náà bójú mu, kí àṣírí wọn sì bò. Bí yóò ṣe bò lókè ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé.

Àwọn olówó oṣù ńlá pàápàá kò sọ̀rọ̀ kan náà mọ́ láti 2019. Ọdún yẹn ni ìwọ́de gba ìgboro. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2020, òfin ààbò ìlú láti Beijing bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kòrónà dé bá a, ìjọba sì ṣe ohun tí ìlú díẹ̀ ló ṣe: ní 2021, ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dé gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ 21 dá wà nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, lówó ara rẹ̀, kó tó lè fẹsẹ̀ tẹ títì. Oṣù kẹsàn-án 2022 ni wọ́n tó fòpin sí ìsémọ́ hòtẹ́ẹ̀lì yìí. Ọ̀pọ̀ àjèjì kó ẹrù wọn lọ sí Singapore tàbí sí ìlú wọn. Àwọn tó lọ ní ìlú tí àwọn mọ̀ ti kú. Àwọn tó dúró ní kò sí ohun tó yí padà: owó orí ṣì wà ní bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kò sí owó orí lórí ọjà, ilé ẹjọ́ ń ṣiṣẹ́, títì dákẹ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn tó lọ àti àwọn tó dúró pe ara wọn ní òpùrọ́. N kò rí irọ́ níbẹ̀. Oníròyìn, olùkọ́ yunifásítì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹnu ni irinṣẹ́ wọn. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹnu, iṣẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó ń ta ìpín ìdókòwò kò fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí òfin tuntun náà ń wá. Ó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òun. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ó máa fi ìrírí tirẹ̀ dá ẹnìkejì lẹ́jọ́ pé ẹ̀rù lásán ló ń bà á.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ń pín àwọn àjèjì níyà. Èdè Cantonese ni ìlú ń sọ, ohùn mẹ́fà ló sì ní. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò tètè mọ ìnira tó wà níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé igbá, ìgbà àti igba kì í ṣe ohun kan náà. Ní Cantonese, bí o bá pe «si» ní ohùn kan, ewì ni. Ní òmíràn, ìtàn. Ní òmíràn, ìdánwò. Ní òmíràn, àkókò. Ní òmíràn, ọjà. Ní ìkẹfà, ọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ òyìnbó á lo ogún ọdún níbẹ̀ láìmọ̀ ju kí wọ́n dúpẹ́ kí wọ́n sì darí ọkọ̀ takisí lọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ṣì jẹ́ èdè ìjọba. Wọ́n á ní àwọn onílé kò fẹ́ bá àwọn ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ará Indonéṣíà ńkọ́? Oṣù díẹ̀ ni iléeṣẹ́ ejẹ́ǹtì fi ń kọ́ wọn ní Cantonese kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n ń ná ẹja lọ́jà, wọ́n ń bá màmá arúgbó ilé ṣàwàdà, wọ́n mọ orúkọ gbogbo ewébẹ̀. Àwọn ni wọ́n gbọ́ èdè ìlú jù nínú àwọn àlejò tuntun, àwọn sì ni wọn kò lè di ọmọ ìlú láé.

Orúkọ tí onílé ń pe òyìnbó ni «gweilo», ìyẹn ọkùnrin iwin. Àwọn kan ní èébú ni. Àwọn kan fi ṣe orúkọ ọtí bíà tí wọ́n ń pọn níbẹ̀. Ní 2022, adájọ́ kan dá ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan tó ní orúkọ náà jẹ́ ara ohun tó fi hàn pé ìbáṣepọ̀ ibi iṣẹ́ kò dára, adájọ́ náà kò sì gbà pé ìkórìíra ẹ̀yà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òyìnbó tó bá ń rìn ní Ìbàdàn ṣe ń gbọ́ «òyìnbó» lẹ́nu ọmọdé: ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, inú á bí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá yí i padà di «iwin dúdú» fún àwa aláwọ̀ dúdú, ó máa ń wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orúkọ náà kì í dá wá. Àga ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á bá a wá, ejẹ́ǹtì tó ní «ilé yẹn ti lọ» á tẹ̀ lé e.

Ejẹ́ǹtì yẹn ni àwọn ọmọ Pakistan, Íńdíà àti Nepal tí wọ́n bí sí Hong Kong mọ̀ jù. Baba ńlá àwọn kan jẹ́ ọlọ́pàá tàbí wọ́dà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Nepal púpọ̀ ní agbègbè Jordan jẹ́ ọmọ àwọn ọmọ ogun Gurkha. Ará Bombay kan tó ti jẹ́ alásè rí, Dorabjee Naorojee, ló dá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó di Star Ferry sílẹ̀ ní 1888, èyí tí gbogbo arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò rẹ̀ títí dòní. Àwọn wọ̀nyí kì í sọ pé Hong Kong dára tàbí kò dára. Wọ́n ń béèrè ìdí tí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní àlejò. Cantonese wọn dán mọ́rán lẹ́nu. Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ wọn dáadáa, kíkọ yẹn sì ni iṣẹ́ ìjọba ń béèrè. Òfin tó ń dènà ẹ̀tanú ẹ̀yà kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ àfi ní 2009.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin orí páálí, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ọ̀ràn yìí ti so kókó.

Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n lé ní 300,000 báyìí. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí fún wọn ní oṣù kẹsàn-án 2024 jẹ́ 4,990 dọ́là Hong Kong, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 640 dọ́là Amẹ́ríkà. Láti 2011 ni ìlú náà ti ní owó iṣẹ́ tó kéré jù fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, òfin náà sì yọ òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú ilé ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Láti 2003, dandan ni kí wọ́n gbé inú ilé ọ̀gá. Láti 1987, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ní láti fi kúrò nílùú. Ẹ ro ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì ń ṣe sí obìnrin tí ọ̀gá ń lù. Bí ó bá fẹjọ́ sùn, yóò pàdánù ilé, oúnjẹ àti ìwé ìgbélùú lọ́jọ́ kan náà, gbèsè tó jẹ ejẹ́ǹtì nílé yóò sì dúró dè é.

Síbẹ̀, bi wọ́n léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Saudi Arabia tàbí ní Singapore rí ni yóò sọ pé Hong Kong ló dára jù. Ibẹ̀ ni òfin ti fún wọn ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀; Singapore kò ṣe irú rẹ̀ àfi ní 2013. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀; ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń gbé àkọlé sókè, tí wọ́n ń wọ́de ní ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ títí di 2019. Nígbà tí ọmọbìnrin ará Indonéṣíà kan padà sílé ní 2014 pẹ̀lú ọgbẹ́ káàkiri ara, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sí títì, wọ́n sì rán ọ̀gá rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà ní 2015. Nítorí náà, ìyìn wọn kì í ṣe àìmọ̀kan. Wọ́n ń fi ibi tí wọ́n wà wé ibi tí wọ́n ti wá, ọkùnrin ará Manchester náà sì ń fi tirẹ̀ wé ibi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n fi sùn lókè ẹ̀rọ ìfọṣọ fi lè yin ìlú, tí ẹni tó ń wo òkun láti ojú fèrèsé á sì máa bú u.

Ohun tí kò ṣeé fi wé ibòmíràn ni ọdún méje. Òfin ìpìlẹ̀ Hong Kong, ní abala 24, sọ pé àjèjì tó bá fi ọdún méje gbé ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró lè gba ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ títí. Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe kékeré: yóò lè ṣiṣẹ́ tó bá wù ú, kò ní nílò ọ̀gá kankan láti dúró fún un, yóò tilẹ̀ lè dìbò láìjẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà. Òfin ìwọ̀lú wá yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀. Obìnrin ará Philippines kan tó ti wà níbẹ̀ láti 1986 pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó borí ní ilé ẹjọ́ gíga ní 2011. Ní oṣù kẹta 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá a nù: wọ́n ní ìwé tí irú rẹ̀ fi wọlé so ó mọ́ ọ̀gá kan àti iṣẹ́ kan, ó sì ní kó padà sílé bí àdéhùn bá parí, nítorí náà a kò lè pe gbígbé rẹ̀ ní gbígbé.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn onílé lẹ́rù. Ẹni tó ti ń dúró de ilé ìjọba fún ọdún púpọ̀, tó ń gbé inú yàrá tí wọ́n fi páákó gé, yóò béèrè ibi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn máa wọ̀ sí. Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn ni. Mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò fẹ́ dúró: ilé alájà kan ni wọ́n ń kọ́ lábúlé, ilé là á sì bọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báńkì náà wá nítorí iṣẹ́ kan, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, pẹ̀lú ìwé tó ní ọjọ́ tí yóò parí. Ọdún tirẹ̀ ń kà. Ẹni tó tọ́ ọmọ ìlú dàgbà láti ìkókó títí ó fi wọ yunifásítì, òfin ní kò gbé ibẹ̀ rí. Ìdájọ́ yìí kò tọ́, ogún ọdún kò sì lè sọ ọ́ di títọ́.

Chungking Mansions ni àwa ará Áfíríkà mọ̀ jù ní Hong Kong. Wọ́n kọ́ ọ ní 1961, àjà mẹ́tàdínlógún, lójú Nathan Road: ṣọ́ọ̀bù fóònù nísàlẹ̀, ilé ìjẹun Íńdíà àti Pakistan lókè, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tóóró lókè wọn, èèyàn ló sì ń tò dè lífìtì kékeré méjì méjì. Ọ̀mọ̀wé Gordon Mathews, tó kọ ìwé nípa ilé náà ní 2011, ka orílẹ̀-èdè 129 nínú àkọsílẹ̀ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ó sì fojú bù ú pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fóònù tí wọ́n ń lò nígbà náà ní ilẹ̀ Áfíríkà nísàlẹ̀ Sàhárà ló ti ibẹ̀ kọjá. Fóònù tó dé Computer Village ní Ìkẹjà wà lára wọn. Lójú oníṣòwò tó sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá, Hong Kong jẹ́ ibi tí ọlọ́pàá kì í béèrè rìbá, tí ọjà tí o sanwó rẹ̀ á sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lójú asásàálà tó ń gbé lójúlé kejì, tó ti ń dúró de èsì fún ọdún mẹ́jọ, tí òfin kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ 1,200 dọ́là Hong Kong lóṣù, ìlú kan náà jẹ́ àgọ́ tí kò ní ògiri. Ìwọ̀nba bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ń gba ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́. Mo ti rí i pé àwọn oníṣòwò wa kì í fẹ́ káwọn èèyàn kà wọ́n mọ́ àwọn wọ̀nyí. Ó bà mí nínú jẹ́.

Fífi ìwé pín èèyàn kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀. Ní 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ará Ṣáínà kò gbọ́dọ̀ gbé orí òkè Peak, níbi tí atẹ́gùn ti tutù. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ni òfin náà dá sí, kí wọ́n lè máa dáná fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. 1946 ni wọ́n tó pa á rẹ́.

Ìwé ṣì ń pín èèyàn níbẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀tọ́ ọdún méje gbà, tí kì í ṣe ará Ṣáínà, òfin ní kó má fi oṣù 36 ṣánṣán sílẹ̀ láìfẹsẹ̀ tẹ ìlú, kó má bàa pàdánù rẹ̀. Àwọn tó bínú lọ ní 2020 àti 2021 mọ òfin yìí dáadáa. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan fi ń wọ bàálù láti London tàbí Singapore, tí wọ́n ń sùn ọjọ́ méjì, tí wọ́n ń jẹ dim sum pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àtijọ́, tí wọ́n sì ń padà, kí oṣù 36 tún bẹ̀rẹ̀ ní oókan. Bí ọjọ́ méjì náà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n sì gba Central kọjá ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò bá àwọn obìnrin náà tí wọ́n ń ká páálí, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń yára kí aago tí ọ̀gá dá fún wọn tó lù.